Ọkọ̀ tíà rọ́bà tó di ará ilé mẹkáníìkì: Òfin wà, kí òǹrajà má dákẹ́

Bí èèyàn bá dúró sí Ìdó láàárọ̀ kùtùkùtù, níbi tí afárá Carter ti sọ̀ kalẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà, kò sí irú ọkọ̀ tí kò ní í rí. Dánfó ń bẹ níbẹ̀, koropé ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbé èrò lọ sí òkè Ọya àti ilẹ̀ Ìgbò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìdó ti ń gbé èrò. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Lóòótọ́, láti oṣù kẹfà ọdún 2021, ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tó wà ní Alágómejì ni àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ń wọkọ̀, síbẹ̀ àwọn onímọ́tò kò kúrò ní Ìdó.

Láàárín àwọn onímọ́tò yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń mú kí àgbàlagbà mi orí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun ni, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní tíà rọ́bà, tí ọkọ̀ náà wá sọ ilé mẹkáníìkì di ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ta dánfó rẹ̀ tó ti gbó, ó yá owó kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ra bọ́ọ̀sì kékeré tuntun. Ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà mẹkáníìkì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún un. Wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì." Ọjọ́ Ẹtì dé, ó gbé ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà gíà tún há. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi máa pé, ó ti gbé e padà nígbà márùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà ní ọgbà àtúnṣe, kò pa kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní kó má san ti oṣù. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n wá yí ohùn padà, wọ́n ní ọ̀nà Èkó ló ba gíà jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀ yẹn ni pé wọ́n á gbà fún Ọlọ́run. Àwọn kan á ta ọkọ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú fún ẹlòmíràn, kí òun náà lọ máa bá a fà á. Àwọn mìíràn á pariwo títí, ariwo náà á sì rọlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń bi ara wọn léèrè pé kí ni òfin sọ. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà, nítorí òfin sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀.

Kí ni òfin sọ?

Láti ọdún 1992 ni ìjọba ológun ti gbé òfin kan jáde tó dá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn òǹrajà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tuntun tó gba ipò rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí òfin FCCPA ti ọdún 2018. Òun ló sọ ìgbìmọ̀ náà di àjọ FCCPC.

Abala 131 nínú òfin yìí sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹ̀tọ́ òǹrajà ni láti gba ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò ní àléébù, tó sì máa lálòpẹ́ fún ìgbà tó bá yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tuntun tí gíà rẹ̀ há ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù mẹ́rin kò bá ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí mu. Abala 122 fi kún un pé bí òǹrajà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún olùtajà, tó sì hàn láàárín àkókò tó bójú mu pé ọjà náà kò wúlò fún iṣẹ́ yẹn, ó lè dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Abala 136 ní ti ìpalára tí ọjà alábùkù bá ṣe, bóyá sí ara tàbí sí dúkìá: ẹni tó pèsè ọjà náà ló máa dáhùn fún un.

Àwọn kan lè sọ pé òfin òǹrajà kò kan awakọ̀ èrò nítorí pé iṣẹ́ ajé ló fi ọkọ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni ẹni tó ra ọjà láti tún un tà, tàbí ẹni tó rà á láti fi ṣe ọjà mìíràn jáde. Awakọ̀ Ìdó kò ra bọ́ọ̀sì láti tún un tà, èrò ló fẹ́ fi gbé.

Ṣáájú òfin ọdún 2018 pàápàá, òfin ọjà títà wà, èyí tí a jogún láti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893. Òun náà sọ pé ọjà tí a rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kó sì wúlò fún iṣẹ́ tí òǹrajà sọ pé òun fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún 1925, nínú ẹjọ́ Baldry àti Marshall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan sọ fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ pé ọkọ̀ tó tura tí òun lè fi rìnrìn àjò ni òun ń wá. Wọ́n ta Bugatti fún un. Ọkọ̀ náà kò bá ohun tó béèrè mu rárá, kóòtù sì ní ó lè dá a padà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí òǹrajà la ẹnu rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe kó tó sanwó, bó bá sì ṣeé ṣe kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílé níbí náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1985, ó dá ìyàáfin kan láre nínú ẹjọ́ tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company. Fìríìjì oníkẹrosíìnì ló rà láti fi ta ohun mímu tútù. Fìríìjì náà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì fi tó wọn létí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó gbiná, ó sì jó o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ nìyẹn, àmọ́ ìlànà kan náà ni: ẹni tó ta ọjà kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ bí ọjà náà kò bá ṣe iṣẹ́ tó tà á fún.

Má pẹ́ jù kí o tó kọ̀ ọ́

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹrajà kò mọ̀, tó sì máa ń kó bá wọn. Lábẹ́ òfin ọjà títà àtijọ́ yìí, ẹni tó bá tọ́jú ọjà sọ́wọ́ pẹ́ láìsọ pé òun kọ̀ ọ́, òfin lè kà á sí pé ó ti gbà á. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní lè dá ọkọ̀ padà mọ́, owó gbà-má-bínú nìkan ló lè béèrè.

Ẹjọ́ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wà nínú ìwé ìròyìn òfin ọdún 1987, ṣàlàyé ewu yìí. Nínú ẹjọ́ Bernstein àti Pamson Motors, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Nissan tuntun kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, nígbà tí kò tíì rìn ju nǹkan bíi máìlì 140 lọ. Adájọ́ gbà pé ọkọ̀ náà kò dára, síbẹ̀ ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó fún ẹni náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè dá a padà mọ́. Owó gbà-má-bínú ló gbà. Nínú ẹjọ́ Rogers àti Parish, Range Rover tuntun ni. Ó lé ní máìlì 5,500 tí ẹni tó rà á ti wà láàárín oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń tún un ṣe tí kò sì dá. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ó lè kọ̀ ọ́. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé kì í ṣe pé kí ọkọ̀ tuntun ṣáà ti lè rìn nìkan ni; ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ ń retí ìtura àti ìfọ̀kànbalẹ̀, ó sì ń retí ohun tó lè fi yangàn. Wọ́n tún ní wáráǹtì tí ilé-iṣẹ́ fún un kò dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló yẹ kí gbogbo onímọ́tò Ìdó fi sọ́kàn. Wáráǹtì jẹ́ àfikún lórí ohun tí òfin ti fúnni. Bí olùtajà bá ní, "Àtúnṣe nìkan ló wà nínú wáráǹtì wa," ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ ló ń sọ. Abala 129 nínú òfin ọdún 2018 kò gbà kí olùtajà fi ìwé àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún òǹrajà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà wo ló wà?

Abala 146 la ọ̀nà sílẹ̀. Òǹrajà lè kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó tà á, ó lè lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso irú òwò bẹ́ẹ̀, ó lè fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ FCCPC, ó sì lè gba kóòtù lọ tààrà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ó di dandan kó parí èkíní kó tó ṣe èkejì.

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró. Kí òǹrajà kọ lẹ́tà sí olùtajà, kó to gbogbo ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ wá àti ohun tí wọ́n sọ pé wọ́n tún ṣe, kó sọ ohun tó fẹ́, ìbáà ṣe pààrọ̀ tàbí owó, kó sì dá ọjọ́ fún wọn. Kó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀.

Èkejì ni àwọn àjọ. Yàtọ̀ sí FCCPC ti ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbèjà òǹrajà, ìyẹn LASCOPA. Àwọn olùtajà tí kì í gbé fóònù oníbàárà máa ń yára gbé e bí àjọ bá pè wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ilé ìlàjà. Láti ọdún 1999 ni Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ti ń bá àwọn ará ìlú parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lagos Multi-Door Courthouse náà wà láti ọdún 2002. Fún awakọ̀ tó ṣì fẹ́ kí olùtajà máa bá òun tún ọkọ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ìlàjà lè dára ju ìjà lọ.

Ẹ̀kẹrin ni kóòtù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018 ni Èkó dá kóòtù gbèsè kékeré sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ètò ibẹ̀ sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Owó ọkọ̀ tuntun lónìí kọjá iye yẹn. Àmọ́ ẹni tó ti fi owó ara rẹ̀ tún ohun tó yẹ kí olùtajà tún ṣe, tó sì ní rìsíìtì, lè gba ibẹ̀ lọ, nítorí owó tí iye rẹ̀ dá ṣáká ni kóòtù náà ń gbọ́. Bó bá jẹ́ odidi owó ọkọ̀ ni òǹrajà fẹ́ gbà padà, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló máa kan, yóò sì nílò lọ́yà. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ lórí àdéhùn, ṣùgbọ́n bí a ti rí i lókè, ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ padà kò gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń sanwó díẹ̀díẹ̀

Ọ̀pọ̀ koropé àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà lójú pópó kì í ṣe owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rà wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Lagos Mainland àti Sùúrùlérè wà lára wọn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gba ọkọ̀ tí wọ́n á máa sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀.

Àwọn náà ní òfin tiwọn. Òfin háyà pọ́ṣéèsì ti ọdún 1965 kan ọkọ̀ ìrìnnà, iye yòówù kí owó rẹ̀ jẹ́. Ó sọ pé ọkọ̀ tuntun tí a bá gbé fúnni lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó. Ó tún sọ pé bí ẹni tó gbà á bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó ni ín kò lè kàn dédé wá gbà á padà lójú pópó, àfi kó gba kóòtù lọ. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dákú dájí, tí wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé kò rí owó ọ̀sẹ̀ san, yẹ kó mọ ohun méjèèjì yìí bí ẹni mọ owó.

Àwíjàre àwọn tó ń ta ọkọ̀

Kò ní dára ká gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Kòtò inú ìlú Èkó lè ba ọkọ̀ tuntun jẹ́. Awakọ̀ mìíràn á kó èrò àti ẹrù ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Òmíràn á gbé ọkọ̀ tí wáráǹtì ṣì wà lórí rẹ̀ fún mẹkáníìkì ìdí igi, á tún wá padà sọ́dọ̀ wọn. Epo náà lè ṣe jàǹbá: ní oṣù kejì ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ ọjà, títí tí ilé-iṣẹ́ epo NNPC àti ìjọba fi ní láti kó o kúrò.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwíjàre yìí ti kùnà ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Èkó, Èkó ni wọ́n mọ̀ pé yóò ti rìn. Ẹni tó polówó bọ́ọ̀sì fún awakọ̀ èrò kò lè wá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin pé òun kò mọ̀ pé kòtò wà ní Òyìngbò. Bó bá sì jẹ́ pé awakọ̀ ló ba ọkọ̀ jẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, kó tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún? Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ṣe pàtàkì. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ ọgbà àtúnṣe, kí òǹrajà béèrè fún ìwé tó sọ ọjọ́ tó wọlé, ohun tó ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe sí i àti ọjọ́ tó jáde. Kó fi fóònù ya àwòrán àti fídíò, kó má ṣe pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọlé ní kóòtù, bí ìwé ẹ̀rí tó yẹ bá tẹ̀ lé e. Kó sì wá onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò sí lọ́dọ̀ olùtajà láti yẹ ọkọ̀ wò, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òǹrajà tàbí ti olùtajà, láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ti wá. Àpò afẹ́fẹ́ Takata jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye rẹ̀ tí wọ́n pè padà lé ní mílíọ̀nù ọgọ́ta, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní ọdún 2017. Nítorí náà, ó dára kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ní àléébù kan náà léraléra wádìí bóyá wọ́n ti pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà níbòmíràn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Bí òfin bá wà, kí ló wá fà á tí awakọ̀ Ìdó fi ń sunkún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin wa kò ka iye. Ó ní kí ọjà wà láìní àléébù, ó ní kí a dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, ṣùgbọ́n kò sọ iye ìgbà tí olùtajà lè tún ọkọ̀ kan ṣe kó tó di dandan kó pààrọ̀ rẹ̀. Inú àlàfo yìí ni "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì" ń gbé.

Àwọn ẹlòmíràn ti dí àlàfo yìí. Ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe òfin ọkọ̀ tuntun alábùkù, ní ọdún 1982. Bí wọ́n bá tún àléébù kan náà ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tí kò dá, tàbí tí ọkọ̀ bá lo àpapọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ ní ọgbà àtúnṣe, a kà á sí pé wọ́n ti gbìyànjú tó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2015 fún òǹrajà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà alábùkù padà gba owó. Lẹ́yìn ìyẹn, àǹfààní àtúnṣe ẹyọ kan ni olùtajà ní. Ní South Africa, òfin ọdún 2008 fún òǹrajà ní oṣù mẹ́fà láti béèrè fún àtúnṣe, pààrọ̀ tàbí owó.

Nàìjíríà kò ní láti dúró de òfin tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin kó tó ṣe irú èyí. Òfin ọdún 2018 fún FCCPC lágbára láti gbé ìlànà jáde. Kí àjọ náà kọ ìlànà kan fún ọkọ̀ tuntun, kó dá iye ìgbà àtúnṣe àti iye ọjọ́ tí ọkọ̀ lè lò ní ọgbà, kó sì pàṣẹ kí gbogbo ilé ìtajà ọkọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí òǹrajà ti máa rí i kó tó sanwó. Kí LASCOPA náà kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Aláùsá nígbà mìíràn, kó wá bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní gáréèjì Ìdó, ní Òyìngbò àti ní Mushin, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń gba owó lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn náà lè gba lọ́yà kan tí yóò máa bá wọn kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Kí ìlànà yẹn tó dé, ohun tó wà lọ́wọ́ òǹrajà kò kéré. Ìgbà kejì tí àléébù kan náà bá padà wá, kó kọ lẹ́tà. Ìgbà kẹta, kó sọ ọ́ nínú ìwé pé òun kọ ọkọ̀ náà, kó gbé e lé wọn lọ́wọ́, kó sì gba ọ̀dọ̀ àjọ lọ. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọkọ̀ tó há sí ọgbà mẹkáníìkì kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà á ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.